ẸNI TÍ Ó RÍ NI Í JẸ́RÌÍ
Ẹ̀kọ́ lórí sísọ ohun tí Ọlọ́run ṣe fún wa

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá fún yín ní oṣù yìí jẹ mọ́ ohun tí ó yẹ kí gbogbo wa máa ṣe, èyíinì ni ẹ̀rí jíjẹ́. Ṣàṣà ni Ìsìn Ìdúpẹ́, ìpàdé àdúrà tàbí ọjọ́ Ìkórè tí a kì í gbọ́ ohùn ẹnì kan tí ó dìde láti sọ oore tí Ọlọ́run ṣe fún un. Èyí dára púpọ̀. Àwọn baba wa a máa wí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Nínú àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá tí Olúwa wò sàn nínú Lúùkù orí 17, ẹnì kan ṣoṣo ni ó padà wá dúpẹ́, Olúwa kò sì ṣàì béèrè àwọn mẹ́sàn-án yòókù.

Ṣùgbọ́n ohun rere kì í ṣàì ní ohun tí ó ń bà á jẹ́. Ní ọjọ́ wọ̀nyí àwọn kan ń fi ẹ̀rí ṣe ọ̀ṣọ́ ara wọn, àwọn mìíràn ń fi í ṣe ìdíje, àwọn ẹlòmíràn sì sọ ọ́ di ohun ìjà tí wọ́n fi ń kọlu ará ilé wọn. Nítorí náà ó tọ́ kí a jókòó, kí a bi ara wa léèrè pé: Kí ni ẹ̀rí? Báwo ni a ṣe lè jẹ́ ẹ tí yóò fi ògo fún Ọlọ́run, tí kì yóò sì ṣe ọmọnìkejì wa ní ibi?

I. OHUN TÍ ẸLẸ́RÌÍ JẸ́

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì nínú èdè wa. Kí ìhìnrere tó dé ilẹ̀ yìí rárá, bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ ní agbo ilé, tàbí bí àríyànjiyàn bá wà lórí ààlà oko, baálé yóò béèrè pé, "Ta ni ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀?" Kì í béèrè ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ jù lọ. Ẹni tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn yóò wí pé òun gbọ́ ni. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ yóò wí pé ìṣojú òun ni. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò rí bákan náà níwájú àgbà.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn agbègbè wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, ogun ńlá kan jà ní Ìkirun láàrin àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn àti àwọn ọmọ ogun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun, tí àwọn tí a ṣẹ́ sì ń sá, púpọ̀ nínú wọn já sínú omi Ọ̀tìn, wọ́n sì bá omi lọ. Èyí ni a fi ń pe ogun náà ní Jálumi títí di òní. Ní àkókò ogun wọ̀nyí ni àwọn ará Òkukù fi ìlú wọn sílẹ̀, tí wọ́n sá wá sí Ìkirun, tí wọ́n sì gbé ibẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó padà sí ilé baba wọn.

Báwo ni àwa tí a wà láàyè lónìí ṣe mọ nǹkan wọ̀nyí? Àwọn tí ó ṣojú wọn ni wọ́n sọ ọ́, àwọn kan sì fi sùúrù gbọ́ ọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ ọ́ ni Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí a bí ní ọdún 1846, tí ó ti ṣe olùkọ́ àti kátíkíìsì ní Ìbàdàn kí a tó fi í jẹ àlùfáà. Ó bi àwọn àgbà léèrè, ó sì dárúkọ Lágunjú, Tìmì Ẹdẹ, àti àwọn mìíràn tí wọ́n mọ ìtàn ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1897 ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ. Ìwé náà sọnù nígbà tí a fi í ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òǹkọ̀wé náà sì kú ní ọdún 1901 láì rí i ní títẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tí a fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1921.

Ẹ wo bí ó ti ṣe iyebíye tó kí a pa ẹ̀rí òtítọ́ mọ́. Bí àwọn tí ogun náà ṣojú wọn bá ti sọ èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni àwọn ọmọ wa ìbá máa kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹlẹ́rìí ogun bá purọ́, ìtàn ìlú ni ó bàjẹ́; bí ẹlẹ́rìí Kristi bá purọ́, orúkọ ta ni yóò bàjẹ́? Òfin kẹsàn-án tí a kọ́ wa kí Bíṣọ́ọ̀bù tó gbé ọwọ́ lé wa lórí kò yọ inú ilé Ọlọ́run sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀ lórí pẹpẹ ti jẹ́ ẹ̀rí èké, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ni ó ń yìn.

Ọkùnrin afọ́jú inú Jòhánù orí 9 ni ó yẹ kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe. Àwọn Farisí bi í ní ọ̀rọ̀ tí ó jinlẹ̀ ju òye rẹ̀ lọ. Kò díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Ó dúró lórí ohun kan tí ó dá a lójú, pé òun ti fọ́jú rí, òun sì ń ríran nísinsin yìí. Wọn kò rí ohun kan fi bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, nítorí náà wọ́n lé e jáde.

II. Ẹ̀RÍ ÀJÀYÍ ỌMỌ ÒṢOÒGÙN

Nínú ìjọ wa ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ẹ̀rí tí ó tún lókìkí ju ti Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lọ. Ní ọdún 1821 ni ogun kó o ní Òṣoògùn pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. A tà á, a tún un tà, títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró, níbi tí ó ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825. Ní oṣù Kejì ọdún 1837, nígbà tí a béèrè ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì fi ránṣẹ́ sí Àlùfáà William Jowett, tí í ṣe akọ̀wé Ẹgbẹ́ C.M.S. Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nínú ìwé náà.

Èkínní, ó sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ bí ó ti rí. Kò fi pamọ́ pé ọkàn òun pòrúurùu tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi gbìyànjú láti pa ara òun ní òru, tí àyà òun kò sì gbà á. Ẹni tí ó fẹ́ kí a máa pọ́n òun lé ìbá ti fo ibẹ̀ dá.

Èkejì, ó sọ ìbẹ̀rù tí àwọn ènìyàn lè fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n kó o wọ inú ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n rí ẹran tí a so rọ̀ àti ọta àgbá tí a kó jọ. Wọ́n rò pé ara ènìyàn ni ẹran náà, wọ́n sì rò pé orí ènìyàn ni àwọn ọta náà, títí wọ́n fi rí i pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ó kọ èyí sílẹ̀ bí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i. Nítorí pé kò fi àìmọ̀ rẹ̀ pamọ́, a gbà á gbọ́ nígbà tí ó sọ àwọn ohun tí ó tóbi jù.

Ẹ̀kẹta, kò sọ pé ibi tí a ṣe sí òun kì í ṣe ibi. Ọjọ́ tí a kó o jẹ́ ọjọ́ ìbànújẹ́ fún un. Síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé òun ti kọ́ láti pe ọjọ́ náà ní ọjọ́ ìbùkún, nítorí ọ̀nà tí Ọlọ́run gbà mú òun wá sínú ìmọ̀ Kristi. Ẹ̀rí rẹ̀ gba ẹkún mọ́ra, ó sì gba ọpẹ́ mọ́ra pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀rí òde òní ni kò ní àyè fún ẹkún rárá.

III. Ẹ̀RÍ KÌ Í ṢE ORÍKÌ

Ẹ̀yin ará Òkukù mọ ohun tí oríkì jẹ́ ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Karin Barber láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé láàrin yín ní àwọn ọdún 1970 láti kọ́ nípa oríkì lẹ́nu àwọn obìnrin ìlú, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1991. Oríkì kò burú. A fi ń ki ọmọ kí orí rẹ̀ lè wú, a fi ń rántí ẹni tí ó ti lọ. Ṣùgbọ́n oríkì ní iṣẹ́ tirẹ̀, ẹ̀rí sì ní tirẹ̀. Ẹni tí a ń kì ni oríkì ń gbé ga. Ẹni tí ó gba ni là ni ó yẹ kí ẹ̀rí gbé ga.

Farisí inú Lúùkù orí 18 gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́. Bí a bá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìkan, a ó rò pé ẹ̀rí ni. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ rẹ̀, ìdámẹ́wàá rẹ̀ àti bí kò ti rí bí àwọn ẹlòmíràn ni ó kún ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ń ki ara rẹ̀ níwájú Ọlọ́run ni. Bákan náà ni ẹni tí ó dìde ní ọjọ́ Ìdúpẹ́, tí ó ka iye yàrá ilé tuntun rẹ̀, tí ó dárúkọ irú ọkọ̀ tí ó rà àti ìlú òkèèrè tí ọmọ rẹ̀ lọ, tí ó wá fi orúkọ Ọlọ́run kádìí rẹ̀. A kò sọ pé kí a má dúpẹ́ fún ilé tàbí fún ọmọ. A ní kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ pé: Bí mo bá jókòó tán, ta ni àwọn ènìyàn yóò máa rò, èmi ni tàbí Olúwa mi?

IV. Ẹ̀RÍ TÍ Ó LÈ PA NI LÁRA

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ara balẹ̀ ka ibí yìí, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Bí arákùnrin kan bá dìde tí ó ní òun da oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru òun nù, tí Ọlọ́run sì wo òun sàn, ó ṣeé ṣe kí ìyá kan jókòó ní ẹ̀yìn tí òun náà ní àrùn yìí. Yóò lọ sí ilé, yóò da tirẹ̀ nù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun ni, nítorí náà ara rẹ̀ lè fúyẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó gbé e ṣubú lójijì. Ta ni yóò dáhùn fún un níwájú Ọlọ́run? Ẹ rántí pé nígbà tí Olúwa wa wo adẹ́tẹ̀ sàn nínú Máàkù orí 1, ó rán an lọ sọ́dọ̀ àlùfáà kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Olúwa kò bẹ̀rù àyẹ̀wò. Kí ni ó dé tí àwa yóò fi bẹ̀rù rẹ̀? Kí ẹni tí ó bá rí ìwòsàn kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà, kí ó sì máa lo oògùn rẹ̀ títí dókítà yóò fi ní kí ó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà kí ó wá sọ ọ́ fún ìjọ, kí a jọ yọ̀. Lúùkù tí ó kọ Ìhìnrere jẹ́ oníṣègùn.

Ibi kejì ni ẹ̀rí tí ń fi ẹ̀sùn kan ènìyàn. A ti gbọ́ irú rẹ̀ rí: pé ìyá àgbà kan nínú ẹbí ni ó di ọmọ lọ́wọ́, pé ìyàwó baba ni ó fi àjẹ́ dí ọ̀nà. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ rò pé òun ń yin Ọlọ́run tí ó tú òun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ó rí? Ta ni ó ṣojú rẹ̀? Àlá, ìfura àti ọ̀rọ̀ ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní aríran kò tó láti sọ arúgbó di ọ̀tá gbogbo ìlú. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọdé kì yóò dá a lóhùn mọ́ nígbà tí ó bá kí wọn, kò sì ní sí ẹni tí yóò pọn omi fún un. Ìjọ tí ó gba irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ láyè ti jẹ́ alábàápín nínú ẹ̀ṣẹ̀ náà.

Ibi kẹta ni títú àṣírí ẹlòmíràn. Ọkọ lè jẹ́rìí sí ohun tí Ọlọ́run ṣe nínú ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ aya rẹ̀ bóyá ó fẹ́ kí gbogbo ìjọ mọ omijé rẹ̀. Ọmọ tí ó ti ṣìnà rí, tí ó sì ti padà, ni ó ni ìtàn ìpadàbọ̀ rẹ̀; kì í ṣe ti àwọn òbí rẹ̀.

V. ÀWỌN TÍ OMIJÉ KÒ TÍÌ GBẸ LÓJÚ WỌN

Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ó rí gbà nìkan ni a ń pè síwájú, kí ni àwọn yòókù yóò rò? Obìnrin tí ó ti ń retí ọmọ láti ọdún mẹ́wàá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì rí iṣẹ́, opó tí ó gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ tí ọkọ náà sì kú, yóò máa rò pé Ọlọ́run ti gbàgbé wọn, tàbí pé ìgbàgbọ́ wọn kéré. Àwọn ni a lè fi ẹ̀rí wa lé jáde kúrò nínú ìjọ láì mọ̀.

Ìwé Mímọ́ kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú Dáníẹ́lì orí 3, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta náà ti jẹ́rìí kí a tó sọ wọ́n sínú iná, wọ́n sì sọ fún ọba pé bí Ọlọ́run kò tilẹ̀ gba àwọn, àwọn kì yóò tẹríba fún ère. Ẹ̀rí náà ti pé kí ìdáǹdè tó dé. Hébérù orí 11 ka àwọn tí ó pa ẹnu kìnnìún dé, lẹ́yìn náà ó ka àwọn tí a fi idà pa, ó sì pe gbogbo wọn ní onígbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù Àpọ́sítélì bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nípa ẹ̀gún kan nínú ara rẹ̀. A kò mú un kúrò, ṣùgbọ́n a fún un ní oore-ọ̀fẹ́ tí ó tó o. Èyí pẹ̀lú ni ó fi ṣe ẹ̀rí fún àwọn ará Kọ́ríńtì.

Nítorí náà bí opó náà bá dìde tí ó wí pé, "Ẹ̀yin ará, ọkọ mi kú, mo ṣì ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò kọ Olúwa mi sílẹ̀, òun náà kò sì fi mí sílẹ̀," kí ìjọ mọ̀ pé ẹ̀rí ńlá ni àwọn gbọ́, kí wọ́n sì ṣe Àmín tí ó lágbára.

VI. KÍ Ẹ̀RÍ BẸ̀RẸ̀ NÍ ILÉ

Nínú Máàkù orí 5, ọkùnrin tí a lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde kúrò lára rẹ̀ fẹ́ bá Jésù lọ. Olúwa kò gbà fún un. Ilé ni ó rán an lọ, sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé ni ó ṣòro jù láti jẹ́rìí, nítorí àwọn ará ilé mọ̀ wá. Ní ìlú wa wọ̀nyí, Kristẹni, Mùsùlùmí àti àwọn tí ń bọ òrìṣà a máa gbé nínú agbo ilé kan, bàbá kan náà ni ó sì bí púpọ̀ nínú wọn. Wọn kò bá wa dé ilé ìsìn láti gbọ́ ẹ̀rí wa, ṣùgbọ́n wọ́n ń rí bí a ti ń san gbèsè, bí a ti ń pín ogún, àti bí a ti ń bá ìyàwó wa sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí wa.

Ẹ tún wo Àjàyí Crowther. Ní ọdún 1843 ni a fi í jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọdún 1846 ó dé Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ ó sì fi ojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí a ti yà wọ́n. Ẹnu kò lè gba ọ̀rọ̀ ní wákàtí náà. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n sì sunkún. Ìyá náà kò tíì mọ Kristi. A kò ṣe ìrìbọmi fún un ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó gbé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó rí ìwà rẹ̀, ó gbọ́ ẹ̀kọ́, ó sì di ọjọ́ 5 oṣù Kejì ọdún 1848 kí a tó ṣe ìrìbọmi fún un, tí a sì sọ ọ́ ní Hánà, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ó ju ọdún kan àti oṣù márùn-ún lọ láàrin ọjọ́ méjèèjì. Ọmọ tí ó ti kọ ẹ̀rí rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kánjú fi ipá mú ìyá rẹ̀.

VII. FÚN ÀWỌN OLÙKỌ́

Nígbà tí ẹ bá ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nínú kíláàsì, ẹ jẹ́ kí ọmọ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kọ ohun kan ṣoṣo tí Ọlọ́run ṣe fún un sínú ìwé, kí ó má ju ojú ewé kan lọ. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ìbéèrè wọ̀nyí wò ó:

1. Ǹjẹ́ èyí ṣojú mi, tàbí mo gbọ́ ọ ni?
2. Ǹjẹ́ mo fi ohun kan kún un kí ó lè dùn létí?
3. Ta ni ọ̀rọ̀ mi gbé ga?
4. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà tí yóò jìyà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, nínú ara rẹ̀, nínú orúkọ rẹ̀ tàbí nínú àṣírí rẹ̀?
5. Ǹjẹ́ ẹni tí ó wà nínú ìbànújẹ́ lè gbọ́ ọ kí ó sì ní ìrètí?
6. Bí àwọn ará ilé mi bá gbọ́ ọ, ṣé wọn yóò mi orí pé òótọ́ ni?

Èyí tí ó bá yege nínú ìbéèrè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ó jáde wá sọ ọ́ láì bẹ̀rù, bí ó tilẹ̀ kéré. Kí a má sì kẹ́gàn ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Kì í ṣe ẹnu dídùn ni a ń wá.

Kí Ọlọ́run tí ó gbọ́ igbe àwọn baba wa ní ọjọ́ ogun, tí ó sì mú wọn padà sí ilé, fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu àti ìfẹ́ sí wa lọ́kàn, kí ayé lè ti ipa ẹ̀rí wa mọ Ọmọ rẹ̀, Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.